Ọsàn Wẹ́wẹ́ Kò Lè Fọ Òórùn Àgbò Dànù

Lọ́jọ́ Iléyá ní ilé wa n'Ìbàdàn, bí alápatà bá ti ń kun àgbò lọ́wọ́ ni àwọn obìnrin ilé á ti máa to abọ́ sílẹ̀. Abọ́ kan fún omi iyọ̀, ìkejì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́, ìkẹta fún omi lásán tí wọ́n á fi ṣan ẹran. Ẹran á gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, wọ́n á fi ọwọ́ ra á bí ẹni ń fọ aṣọ, wọ́n á tún dá a padà sínú ti àkọ́kọ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi fún ọsàn wẹ́wẹ́ ẹ̀kún igbá kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Síbẹ̀, bí ìkòkò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, òórùn tí gbogbo wa mọ̀ náà á gba ilé kan, àwọn kan nínú àwọn ọmọ á sì ní adìẹ làwọn fẹ́ jẹ. Ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nígbà náà ni pé a kò fọ̀ ọ́ dáadáa.

A fọ̀ ọ́ dáadáa. Òórùn àgbò kì í ṣe ìdọ̀tí ni. Kò sí lójú ẹran, níbi tí omi àti ọsàn ti lè bá a. Inú ọ̀rá ló ń gbé.

Ẹni tó ti ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹran láti ogún ọdún wá kò ní gba èyí lẹ́nu mi lásán, kò sì yẹ kó gbà á lásán. Kó dán an wò. Bí ẹran àgbò bá tún wọlé, kó gé ẹyọ kan tó jẹ́ kìkì ẹran pupa, kó fi ọ̀bẹ ha gbogbo ọ̀rá funfun ara rẹ̀ kúrò. Kó gé ọ̀rá nìkan sọ́tọ̀, èyí tó bo kíndìnrín ló dára jù fún un. Kó yan ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú páànù tó mọ́, láìfi iyọ̀ tàbí àlùbọ́sà sí i. Òórùn ẹran pupa yẹn á sún mọ́ ti màlúù débi pé ẹni tó di ojú lè ṣì í mú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá ti ń yọ́ báyìí, àgbò ti dé nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Hornstein àti Crowe, ṣe irú ìdánwò yìí láàárín 1960 sí 1963 lórí ẹran màlúù, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ti ọ̀dọ́ àgùntàn. Wọ́n rí i pé bí a bá ti yọ ọ̀rá kúrò, òórùn ẹran pupa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra gan-an. Ọ̀rá ló ń jẹ́ kí imú mọ èyí tó jẹ́ àgùntàn. Ní 1975, àwọn onímọ̀ ní New Zealand, ilẹ̀ tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ, tọ́ka sí ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń fa òórùn náà: àsíìdì ọ̀rá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 4-methyloctanoic. Ara ẹran fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é nígbà tó wà láàyè, inú ọ̀rá ló sì ń kó o pamọ́ sí. Òbúkọ ní irú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti dúró ti òbúkọ rí ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìdí nìyí tí àgbò kan fi ń rùn ju èkejì lọ bó tiẹ̀ jẹ́ pé omi kan náà la fi fọ̀ wọ́n. Ọ̀dọ́ àgùntàn tí kò tíì pé ọdún kan, òórùn rẹ̀ kéré. Àgbò tó ti gbó, tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá, tí ìwo rẹ̀ ti lọ́ kóńdó, òun ni tirẹ̀ ń le. Irú rẹ̀ gan-an la sì ń wá lọ́dún Iléyá: ẹ̀yà Balami funfun fìrìgbọ̀n, tàbí ẹ̀yà Uda tí iwájú rẹ̀ ṣú tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, torí ìwo ló wù wá, ara ńlá ló sì ń wu aládùúgbò. Ohun tí ẹran jẹ náà wà níbẹ̀. Èyí tó ń jẹ koríko ní pápá ń ní òórùn kan nínú ọ̀rá tí èyí tí wọ́n fi ọkà bọ́ kì í ní tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London gbà gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹran àgùntàn ibẹ̀ kì í rùn bíi tilé nítorí pé wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa kí wọ́n tó dì í sínú báàgì náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń tà á. Kì í ṣe fífọ̀. Ọmọ oṣù díẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pa tà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ sọ́dọ̀ alápatà kan tó ń ta àgbàlagbà àgùntàn, ó pè mí lórí fóònù pé òun ti gbóòórùn ilé.

Kí ló wá jẹ́ kí a gbẹ́kẹ̀ lé ọsàn wẹ́wẹ́ tó báyìí? Ẹja ni, bí mo ṣe rò ó sí. Lára ẹja, ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ojú rẹ báyìí ló sì ń ṣe é. Ohun tó ń mú ẹja rùn, trimethylamine, jẹ́ òdìkejì àsíìdì. Bí omi ọsàn bá kàn án, àwọn méjèèjì á so mọ́ra, ohun tó ń fò wọ imú á di ohun tó jókòó sínú omi, a ó sì ṣan án dànù. Àwọn ìyá wa rí èyí lójú ara wọn, ó sì tọ́ bí wọ́n bá rò pé ohun tó tún ẹja ṣe á tún ẹran ṣe. Ṣùgbọ́n òórùn àgbò, àsíìdì ni òun fúnra rẹ̀. Àsíìdì kì í pa àsíìdì. Fínígà kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀, omi ọsàn kò tiẹ̀ ní dé ibi tó wà, torí ọ̀rá kì í gba omi láyè. Ẹ da ọsàn sójú òróró nínú abọ́, ẹ ó rí i pé ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù wọn máa ń jókòó.

Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ ló ń rùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́ gaara. Omi pupa yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àgbò ti bá ilẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n dú u. Omi ara ẹran ni, ohun kan tó ń jẹ́ myoglobin ló jẹ́ kó pọ́n bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń fọ̀ ọ́ dànù léraléra, adùn ẹran la ń dà sí gọ́tà.

Fífọ̀ àfọ̀jù tún ní ewu tirẹ̀. Ní 2014, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Britain ké sí àwọn aráàlú pé kí wọ́n yé fọ adìẹ tútù lábẹ́ ẹ̀rọ omi, torí omi tó ń ta pàrà yẹn ń gbé kòkòrò àìsàn lọ sára abọ́, ọwọ́, àti tòmátò tí a kò ní sè. Adìẹ ni wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n omi ẹran àgbò náà ń ta. Èmi kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi omi kan ẹran tó ti ọjà wa dé. Iyanrìn ń bẹ lára rẹ̀, irun ń bẹ, èérún egungun àti eérú ibi tí wọ́n ti sun ún ń bẹ. Omi díẹ̀ nínú abọ́ jíjìn, ká ṣan án pẹ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ká da omi nù, ká fi ọṣẹ fọ abọ́ àti ọwọ́, ó parí. Iná ló ń pa kòkòrò, ìkòkò tó bá hó dáadáa títí ẹran fi rọ̀ ti ṣe ju ohun tí ọsàn lè ṣe lọ.

Òórùn kan wà tó jẹ́ ti ojú ẹran lóòótọ́, ti awọ ni. Ọwọ́ tó di irun mú nígbà tí wọ́n ń bó àgbò kò gbọdọ̀ tún kan ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kí irun má ṣe yí wọ inú ẹran. Mo máa ń dúró ti alápatà wa nídìí èyí, mo sì máa ń gbé omi ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè fọ ọwọ́ kó tó máa gé e. Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn wúlò ju abọ́ mẹ́ta wa lọ.

Ọ̀bẹ ló kù. Ẹ jẹ́ kí ẹran wọ fíríìjì kó tutù, ọ̀rá á dì, á sì ṣeé gé nílẹ̀ láìfa ẹran ya. Ẹ gé àwọn ibi tó nípọn kúrò, ẹ má sì gé gbogbo rẹ̀ tán. Ibí yìí ni mo ti ṣì í ṣe nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa ọ̀rá: mo ha ẹran náà dé egungun, mo sè é, ó sì dà bí páálí lẹ́nu. Òórùn ewé àti èròjà, ọ̀rá ló ń gbà á dúró. Bí kò bá sí ọ̀rá rárá, efinrin á kàn fẹ́ jáde pẹ̀lú èéfín ìkòkò ni. Ohun tí mò ń fi sílẹ̀ kò ju bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣe nípọn lọ.

Ti pé ká bọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ká da omi rẹ̀ nù, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, torí ọ̀rá tó ti yọ́ bá omi yẹn lọ. Àmọ́ iyọ̀, àlùbọ́sà àti adùn ẹran bá a lọ pẹ̀lú, a ó sì wá máa fi maggi wá ohun tí a dà nù. Ọ̀nà tó sàn jù ni ká sè é lónìí, ká jẹ ẹ́ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí omi ẹran tutù, kó sùn nínú fíríìjì, ọ̀rá á dì lójú rẹ̀ bí àbẹ́là funfun, ẹ ó sì fi ṣíbí ká a kúrò lódindi. Ọ̀rá àgùntàn kì í yọ́ àfi bí ooru bá kọjá 40°C dáadáa, ẹnu èèyàn kò sì ju 37 lọ. Ìyẹn ló fi máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu bí ọbẹ̀ bá ti tutù, ìyẹn náà ni mo fi ń bẹ̀ yín pé gbígbóná ni kí ẹ máa gbé e síwájú àlejò.

Ní ti ewé, a kò nílò láti lọ jìnnà. Àwọn ará England máa ń sun ọ̀dọ́ àgùntàn pẹ̀lú rosemary, wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ewé mint jẹ ẹ́. Ìdílé kan náà ni rosemary, mint, táìmù àti efinrin tó ń hù lẹ́yìn ilé wa. Thymol, ohun tó fún táìmù ní òórùn rẹ̀, wà nínú ọ̀pọ̀ efinrin ilẹ̀ wa. Àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn ìyá wa, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnìkejì, irú ewé kan náà ni wọ́n nawọ́ mú fún ẹran kan náà. Inú mi máa ń dùn sí èyí ju bó ti yẹ lọ.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi rèé. Apá àgbò tó tó kílò kan ààbọ̀, tí a ti gé ọ̀rá rẹ̀ bí mo ṣe wí. Mo máa fi ṣíbí kékeré 3 iyọ̀ ra á lálẹ́, kó sùn mọ́jú nínú fíríìjì, torí iyọ̀ máa ń wọ inú ẹran tó bá ráyè, ó sì máa ń jẹ́ kó rọ̀. Isinmi yẹn tún wúlò fún ẹran Iléyá lọ́nà mìíràn, torí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa máa ń gan fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìkòkò tó bá bá a nírú àkókò yẹn á pẹ́ lórí iná. Láàárọ̀, mo máa fi òróró díẹ̀ yan ojú rẹ̀ títí á fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ni àlùbọ́sà ńlá 2, atalẹ̀ tí mo ti rin tó tó àtàǹpàkò, aáyù 6, ata rodo 2 tí n kò là, àti ṣíbí kékeré kan táìmù gbígbẹ. Omi kò gbọdọ̀ bo ẹran mọ́lẹ̀. Mo máa dé e pa, iná kékeré, wákàtí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí àgbò bá gbó. Táìmù àti rosemary lè bá ẹran hó láti ìbẹ̀rẹ̀, ewé wọn le. Efinrin kò lè fara dà á. Ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni mo ń já ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, tí mo sì ń dé ìkòkò padà fún ìṣẹ́jú 5.

Ohun tí a ó fi jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ bá a jà. Ọ̀dùnkún bíbọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, adùn rẹ̀ máa ń bá ọ̀rá àgbò mu, omi ẹran náà sì ń wọ inú rẹ̀. Iṣu dára, ìrẹsì funfun náà dára. Ẹ fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a bọ̀ tí a kò din sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jọ̀lọ́ọ̀fù ní ata tirẹ̀ àti táìmù tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó bá adìẹ lọ.

Ọsàn wẹ́wẹ́ dà? Ẹ gé tòmátò tó le díẹ̀ àti àlùbọ́sà pupa sínú àwo, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ sì fún ọsàn náà lé e lórí nígbà tí ẹran bá ti wà níwájú yín tó ń rú èéfín. Kíkan rẹ̀ á gé ọ̀rá lórí ahọ́n, òkèlè tó tẹ̀ lé e á sì dà bí ti àkọ́kọ́. Ẹyọ 2 tó èèyàn mẹ́fà.