Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: ṣé ọ̀rọ̀ ló ń wò ó ni àbí oògùn?

Ìbéèrè: Àbúrò mi obìnrin ń ta gàrí lọ́jà Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin níbí. Ó ti tó oṣù méjì tí kì í rí oorun sùn, oúnjẹ ò wọlé fún un mọ́, òrùlé ló máa ń tẹjú mọ́. Dókítà kan kọ oògùn fún un, òmíràn ní kó wá máa bá òun sọ̀rọ̀. Àwa náà ṣáà ń bá a sọ̀rọ̀. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Ìyànjú lẹ̀ ń gbà á, ìyẹn kọ́ ni ìtọ́jú. "Mọ́kàn le" lè tún dá kún ẹrù ẹni tó ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ìbéèrè ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ fífi ọ̀rọ̀ wo ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń bi í. Kí lo ṣe láàárọ̀ àná? "Mi ò ṣe nǹkan kan." Ṣé o wẹ̀? "Mo wẹ̀." Á ní kó kọ ìyẹn sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, á ní kó lọ ṣí ìsọ̀, kó jókòó níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó máa bọ̀ nílé, ì báà má ta òṣùwọ̀n gàrí kan. Bó bá ní òun ti di ẹrù sọ́kọ òun lọ́rùn, wọ́n á jọ wá ẹ̀rí rẹ̀. Aaron Beck, oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú ọ̀nà yìí kalẹ̀ láwọn ọdún 1960.

Ìbéèrè: Oògùn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe ojú ẹsẹ̀. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kára tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, inú rírú àti orí fífọ́ sì lè ti ṣáájú. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń sọ ọ́ nù. Tára bá yá tán, wọ́n á ṣì máa lò ó fún bí oṣù mẹ́fà. Dókítà ló ń dín in kù. Téèyàn bá já a lójijì, òòyì lè máa kọ́ ọ. Àgbo tó bá ń mu, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún dókítà. Ẹ má sì ra oògùn náà létí títì o!

Ìbéèrè: Èwo ló wá sàn jù?

Ìdáhùn: Bí àìsàn náà ò bá le, ọ̀rọ̀ ló yẹ kó ṣáájú. Bó bá le, àpapọ̀ méjèèjì. Ní ti àbúrò yín, èmi ò ní fi ọ̀kankan sílẹ̀. Bó bá mẹ́nu ba ikú, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Ta ló máa wá bá a sọ̀rọ̀ ní Kétu níbí?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Hóró oògùn ò nílò ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n kí dókítà máa sọ Faransé, kí ìyá ọkọ máa túmọ̀, kí ló fẹ́ sọ níbẹ̀? Ní Harare, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, láti 2006 ni oníṣègùn ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, ti ń kọ́ àwọn ìyá àgbà àdúgbò níṣẹ́ yìí. Orí bẹ́ǹṣì nítòsí ilé ìwòsàn ni wọ́n ń jókòó sí, èdè Shona ni wọ́n ń sọ. Kufungisisa ni wọ́n ń pe àìsàn náà, ìyẹn ìrònú àpọ̀jù, bí ẹni pé Kétu ni wọ́n ti gbọ́ ọ! Ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó bá wọn jókòó yá ju tàwọn tó gba ìtọ́jú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ, ẹ béèrè nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tó gbọ́ Yorùbá wa, kí ìyá ọkọ dúró síta.