Láptọ́ọ̀pù Kì í Ṣe Ọmọ Dẹ́sítọ́ọ̀pù: Ibi Tó Ti Wá Gan-an àti Bó Ṣe Wọlé Wa

Gbogbo ìgbà táwọn èèyàn bá ń jiyàn bóyá láptọ́ọ̀pù ti ń lé dẹ́sítọ́ọ̀pù kúrò nílé, ohun tí wọ́n ti gbà lọ́kàn láì tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni pé dẹ́sítọ́ọ̀pù ló kọ́kọ́ wà, wọ́n wá gé e kéré, wọ́n ká a pọ̀, ó di láptọ́ọ̀pù. Pé dẹ́sítọ́ọ̀pù ni bàbá, láptọ́ọ̀pù lọmọ, ọmọ wá ń jogún ilé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ti wá, ìdílé láptọ́ọ̀pù ló sì dàgbà jù, àfi téèyàn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti àárín.

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn dáadáa. Kíbọ́ọ̀dù tó wà lára láptọ́ọ̀pù yín yẹn, tí ìlà òkè lẹ́tà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q, W, E, R, T, Y, kì í ṣe àwọn oníkọ̀ǹpútà ló tò ó bẹ́ẹ̀. Christopher Latham Sholes àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà ni, ilé iṣẹ́ Remington tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìbọn ló sì gbé taipuráítà yẹn jáde fún títà ní 1874. (Àwọn kan ní torí kí àwọn irin inú ẹ̀ má baà máa há síra wọn ló ṣe to lẹ́tà báyẹn, àwọn kan ní torí àwọn tó ń gba tẹlígíráàmù ni, ìjà yẹn ò tíì parí títí dòní, ṣùgbọ́n èyí ó wù kó jẹ́, ìka wa ṣì ń tẹ̀lé ohun tí wọ́n ṣètò ní bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn.) Ẹ̀rọ ńlá ni nígbà yẹn, orí tábìlì ló ń gbé, kò sẹ́ni tó ń gbé e kiri.

Ẹni tó yí ìyẹn padà ni Frank Rose, ní New York, òun ló gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá (pátẹ́ǹtì) ní 1904 fún taipuráítà tó ń ká. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ síbí torí pé ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Apá òkè taipuráítà yẹn, ibi tí bébà ń gbà kọjá, ó ṣe é kó lè tẹ̀ síwájú, kó dojú dé orí kíbọ́ọ̀dù, gbogbo ẹ̀ á wá pẹlẹbẹ, á wọnú àpótí kékeré kan, ẹ di àpótí ẹ ń lọ. Ní 1912, ilé iṣẹ́ tó ń bá iṣẹ́ yẹn lọ ní ìlú Groton gbé Corona 3 jáde, kò wúwo ju bíi kílò 3 lọ, àwọn láptọ́ọ̀pù géèmù kan wà lọ́jà lónìí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ o! Àwọn akọ̀ròyìn gbé e lọ sójú ogun àgbáyé kìíní, wọ́n ń gbé e lé orí ohunkóhun tí wọ́n bá rí, wọ́n ń tẹ ìròyìn. Ó ju ìdajì mílíọ̀nù tí wọ́n tà kí wọ́n tó dáwọ́ ẹ̀ dúró ní 1941.

Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni láptọ́ọ̀pù ti bẹ̀rẹ̀, kó tó di pé iná mànàmáná wọnú ẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ibi tí ojú ń wò ń ká lé ibi tí ọwọ́ ń tẹ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ọwọ́ kan lè gbé e, ẹni kan ló sì ni ín. Kí ló tún kù? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gbogbo ohun tí Rose ń wá kò ju kí àwọn oníṣòwò tó ń rìnrìn-àjò rí nǹkan kọ lẹ́tà lọ, síbẹ̀ nígbà tí ọgọ́rin ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá tí àwọn míì tún jókòó láti ro bí ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ṣe máa ṣeé gbé, ibi kan náà ni wọ́n já sí, mi ò sì rò pé èèṣì ni.

Láàárín ìgbà yẹn, taipuráítà tó ṣeé gbé ti wọlé àwọn èèyàn lọ́pọ̀ yanturu. Olivetti ní Ítálì ṣe Lettera 22 ní 1950, Marcello Nizzoli ló yàwòrán bó ṣe máa rí, ó rẹwà débi pé wọ́n fi sí mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York. Akẹ́kọ̀ọ́ ní in, òǹkọ̀wé ní in, èèyàn lè gbé e láti yàrá bọ́ sí ìdáná kó tún gbé e padà. Ẹ rántí orúkọ Olivetti yìí o, a máa padà débẹ̀.

Ó yá, ìdílé kejì. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ò bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan kékeré tó ń dàgbà, inú ẹ̀rọ ńláńlá tó ń gba odindi yàrá ló ti wá, wọ́n ń gé e kéré títí ó fi lè jókòó sórí tábìlì. Ilé iṣẹ́ Olivetti kan náà ló fi Programma 101 hàn ní New York ní 1965, iṣẹ́ Pier Giorgio Perotto àtàwọn èèyàn ẹ̀, ó wúwo tó bíi kílò 35, ó sì ń ṣe ìṣirò lórí tábìlì. Lẹ́yìn ìyẹn Altair 8800 dé ní 1975, ní 1977 àwọn mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà, Apple II, Commodore PET àti TRS-80, àwọn yìí ló kọ́kọ́ sọ kọ̀ǹpútà di nǹkan tí wọ́n ń rà wálé láì ní láti fọwọ́ ara wọn so wáyà inú ẹ̀. IBM PC tẹ̀lé e ní August 1981. Gbogbo èèyàn ló mọ ibẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti Alan Kay, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 1968, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà kankan tí ẹni kan ṣoṣo lè rà fún ara ẹ̀, Kay lọ rí Seymour Papert, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọdé, ó rí bí àwọn ọmọdé ṣe ń lo èdè LOGO tí wọ́n ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà fúnra wọn, ohun tó rí yẹn ò jẹ́ kó sinmi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro kọ̀ǹpútà kan tí ọmọ kékeré á lè gbé dání, ó tiẹ̀ fi páálí ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀, ó pè é ní Dynabook. Ní 1972, nígbà tó ti wà ní Xerox PARC, ibi ìwádìí ilé iṣẹ́ Xerox ní California, ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: kó má tóbi ju ìwé tí wọ́n ń kọ nǹkan sí lọ, kó má tó kílò 2, kí skírìnì ẹ̀ pẹlẹbẹ, kí owó ẹ̀ wà ní nǹkan bíi 500 dọ́là. 1972 o! Apple II ò tíì sí. IBM PC ṣì ku ọdún mẹ́sàn-án. Kò ní àwòṣe dẹ́sítọ́ọ̀pù kankan nínú ilé ẹnikẹ́ni tó máa gé kéré. Ìwé ló fi ṣe àwòṣe, ìwé tí ọmọ máa ń gbé lọ gbé bọ̀.

Ẹ sì kíyè sí i pé ọmọdé ló rò ó fún, kì í ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́. Èyí ṣe pàtàkì torí àwọn kan ń sọ pé ọ́fíìsì ni láptọ́ọ̀pù wà fún láti ìbẹ̀rẹ̀, pé nígbà tó yá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ya wọlé. Irọ́ ni. Àwọn tó ní ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ lówó tí wọ́n lè fi rà á, ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

John Ellenby náà ti ṣiṣẹ́ ní Xerox PARC kó tó dá ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà GRiD sílẹ̀, ó sì gbé iṣẹ́ fún Bill Moggridge, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kó ṣe kọ̀ǹpútà tó máa wọnú báàgì ọwọ́. GRiD Compass jáde ní 1982. Skírìnì ẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń ká lé kíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí kíká yẹn. Owó ẹ̀ jẹ́ 8,150 dọ́là, bóyá ìyẹn lẹ fi máa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó rà á fún ọmọ, ọkọ̀ òfuurufú NASA tó ń lọ sí òkè ayé ló gbé e. Moggridge kọ́ iṣẹ́ dísáìnì ní London láwọn ọdún 1960, kò sì sí bí ẹni tó kọ́ irú iṣẹ́ yẹn nígbà yẹn ṣe máa kọ́ ọ tí kò ní fojú kan taipuráítà Olivetti tàbí èyí tó jọ ọ́. Mo rò pé ọwọ́ ẹ̀ ti mọ bí ẹ̀rọ ìkọ̀wé ṣe ń wọ àpótí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán.

Àwọn tó ń pe Osborne 1, kọ̀ǹpútà àgbérìn ti 1981, ní láptọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ ńkọ́? Kílò 11, skírìnì ínǹṣì 5, kò ní bátìrì nínú, tẹ́ ẹ bá gbé e débi tí kò ti sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹrù lásán lẹ gbé. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ọwọ́ ìgbémú sí ni. IBM 5100 ti 1975 náà rèé, ó ju kílò 20 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù ni Epson HX-20 àtàwọn tó tẹ̀ lé e. HX-20 tó dé ọjà ní 1982 tó ìwé A4, kílò 1.6, bátìrì wà nínú ẹ̀, ìlà mẹ́rin péré ni skírìnì ẹ̀ ń fi hàn, ó tún ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré nínú. Ní 1983, TRS-80 Model 100 dé, bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò, irú èyí tí wọ́n ń fi sí tọ́ọ̀ṣì, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 20. Àwọn wo ló fẹ́ràn ẹ̀ jù? Àwọn akọ̀ròyìn! Irú àwọn kan náà tí wọ́n gbé Corona 3 lọ sógun, wọ́n ń tẹ ìròyìn níbi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, wọ́n ń fi wáyà tẹlifóònù ránṣẹ́ sọ́fíìsì. Ilé iṣẹ́ Kyocera ní Japan ló ṣe é, ẹ̀rọ kan náà yẹn sì jáde lábẹ́ orúkọ míì pẹ̀lú skírìnì tó ṣeé gbé sókè díẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni M10, Olivetti ló sì ń tà á. Olivetti o, àwọn oní Lettera 22! Ilé iṣẹ́ taipuráítà gba kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ra wẹ́rẹ́, torí wọ́n mọ irú nǹkan tó jẹ́.

Ìyókù, ojú gbogbo wa ló ṣe é. Toshiba T1100 dé ní 1985. Ní 1991 Apple ti kíbọ́ọ̀dù PowerBook sẹ́yìn kí ọwọ́ lè ríbi sinmi, gbogbo láptọ́ọ̀pù sì rí báyẹn títí dòní. Ọdún yẹn náà ni Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátìrì lithium-ion. Apple fi Wi-Fi sí iBook ní 1999, Centrino ti Intel, ìyẹn àkójọ ohun èlò láptọ́ọ̀pù tí Wi-Fi wà nínú ẹ̀, tẹ̀ lé e ní 2003, Asus ṣe Eee PC, láptọ́ọ̀pù kékeré tí owó ẹ̀ ò pọ̀, ní 2007, nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta kẹta nínú ọdún 2008, láptọ́ọ̀pù tí wọ́n kó jáde ní gbogbo àgbáyé ti ju dẹ́sítọ́ọ̀pù lọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyí, torí ó yí bó ṣe yẹ ká wo ọ̀rọ̀ inú ilé padà. Nǹkan mẹ́ta ló so kọ̀ǹpútà mọ́ igun kan nínú ilé: mọ́nítọ̀ onígíláàsì tó wúwo, wáyà iná, àti wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì. Torí náà ni kọ̀ǹpútà ṣe di ti gbogbo ilé, ó wà ní pálọ̀ tàbí yàrá kan, àwọn ọmọ ń jà lórí ẹni tó kàn. Skírìnì pẹlẹbẹ gba àkọ́kọ́ kúrò, bátìrì gba ìkejì, Wi-Fi gba ìkẹta. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ tán, ẹ̀rọ ìdílé kọ̀ǹpútà ńlá ò ní nǹkan tó dì í mú sílé mọ́, ẹ̀rọ ìdílé taipuráítà wá ṣe ohun tí wọ́n bí i láti ṣe, ó bá ẹni kọ̀ọ̀kan lọ sí yàrá ẹ̀. Ó gba àyè tí taipuráítà fi sílẹ̀, kò jogún dẹ́sítọ́ọ̀pù. Fóònù ló tún wá ń gba èyí tó kéré jù nínú iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù ò kú o, kò sì ní kú. Ó kàn padà sí ìdílé ẹ̀ ni, ìdílé àwọn ẹ̀rọ tó lágbára. Àwọn tó ń gbá géèmù, àwọn tó ń gé fídíò, àwọn tó ń ya àwòrán 3D, àwọn ló ń rà á wálé. Káàdì àwòrán tó lágbára jù fún dẹ́sítọ́ọ̀pù lè gba iná tó 575 wáàtì, láptọ́ọ̀pù ò lè gbé irú ooru bẹ́ẹ̀ sínú ara tínrín, èyí tó lágbára jù nínú wọn ò tó ìdajì ẹ̀. Dẹ́sítọ́ọ̀pù sì ṣeé tú, ẹ lè pààrọ̀ RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí, ẹ lè fi dísìkì kún un, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tín-ín-rín ni wọ́n ti lẹ RAM mọ́ bọ́ọ̀dù pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ kan bá òun fún ọdún mẹ́wàá nílé, tí kò sì ní gbé e jáde, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn láptọ́ọ̀pù.

Àwọn tó wá ń gbé láptọ́ọ̀pù kalẹ̀ lórí tábìlì nílé, tí wọ́n so mọ́nítọ̀ ńlá, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì mọ́ ọn, àwọn kan ń lò wọ́n ṣe ẹ̀rí pé láptọ́ọ̀pù ti sọ ara ẹ̀ di dẹ́sítọ́ọ̀pù. Apple ti ṣe ìyẹn ní 1992, PowerBook Duo ń wọnú àpótí kan tó ń jẹ́ Duo Dock, á di kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ bá fẹ́ jáde ẹ fà á yọ. Iṣẹ́ tí tábìlì ń ṣe fún Corona 3 náà nìyẹn nígbà tí oní-taipuráítà bá délé, ẹ̀rọ ṣì jẹ́ èyí tó ń ká, tó ń bá olówó ẹ̀ jáde láàárọ̀.