Bí àṣìṣe ṣe ń wọ inú ìwé ìbéèrè ìdánwò, àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Ìbéèrè ìṣirò kan ló wà nílẹ̀ yìí: 2³ × 2². Ọmọ tó bá mọ̀ pé àwọn nọ́ńbà kékeré òkè yẹn ni kí òun rò pọ̀ yóò rí 2⁵, ìyẹn 32. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà kò bá gbé nọ́ńbà kékeré náà sókè, ohun tó máa jáde lórí ìwé ni 23 × 22. Ọmọ tó bá ṣe é bó ṣe rí i yóò rí 506. Yóò wo A, yóò wo B, yóò wò ó dé D, kò ní rí 506. Kò ní wá sí i lọ́kàn pé ìwé ló ṣìnà. Ara rẹ̀ ni yóò fura sí, yóò fa igi lé iṣẹ́ tó ti ṣe, yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkìtì, láti Adó títí dé Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò, ọ̀nà tí ìwé ìbéèrè ń gbà kò yàtọ̀ síra púpọ̀. Olùkọ́ á fọwọ́ kọ ìbéèrè, á kọ ìdáhùn sí ìwé ọ̀tọ̀, á gbé e fún olórí ẹ̀ka tàbí igbákejì ọ̀gá. Ibẹ̀ ló ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, yálà akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́ tàbí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ìgboro. Lẹ́yìn náà ni fotokọ́pì, kíkà, dídì sínú àpòòwé, kó tó di gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ní irú àṣìṣe tirẹ̀.

Àṣìṣe ti olùkọ́ ló ṣòro jù láti rí, torí pé ó máa ń jọ ìbéèrè tó péye. Ìbéèrè èṣí ló sábà ń fà á. Olùkọ́ mú x² − 5x + 6 = 0, tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 2 àti 3, ó sọ +6 di −6 kí àwọn ọmọ má baà há a sórí, ó wá gbàgbé láti pààrọ̀ àwọn ìdáhùn ìsàlẹ̀. Ìdáhùn ti di 6 àti −1, èyí tí kò sí nínú A sí D. Irú kejì ni ìbéèrè tí ìdáhùn méjì tọ̀nà nínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá sì ti ń fi ìwé ìbéèrè kan náà dán ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ wò, àṣìṣe olùkọ́ kan ṣoṣo lè dé gbogbo kíláàsì lọ́jọ́ kan náà.

Ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni púpọ̀ nínú àṣìṣe ti ń wá, kì í sì í ṣe pé onítọ̀hún ya ọ̀lẹ. Kò kọ́ físíìsì, kò kọ́ kẹ́místírì, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ló ń tẹ̀. Bí 1 olùkọ́ bá jọ 7, 7 ló máa tẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ “kì í ṣe” bá bọ́ nínú “Èwo ni kì í ṣe ẹran ọ̀sìn?”, ìdáhùn mẹ́ta ló di òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà náà a máa dá sí i: bí wọ́n bá tẹ (c), ó lè sọ ọ́ di ©, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè fi ní (a), (b), ©, (d). Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó ń pani lára ni àwòrán. Ẹni tó ń tẹ̀wé á fi àyè sílẹ̀ kí olùkọ́ wá fọwọ́ yà á, olùkọ́ kò sì ní padà wá. “Lo àwòrán yìí láti dáhùn ìbéèrè 12 sí 15,” àyè funfun ló wà níbẹ̀. Máàkì mẹ́rin ti lọ.

Ìwé Yorùbá ló ń jìyà jù lọ. Ẹ wo ìbéèrè yìí: “Ohùn wo ló wà lórí sílébù kejì nínú ọ̀rọ̀ ‘ilu’?” Bó bá jẹ́ ìlú ni olùkọ́ kọ, ohùn òkè ni ìdáhùn. Bó bá jẹ́ ìlù, ohùn ìsàlẹ̀ ni. Láìsí àmì, kò sí ìdáhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “oko”: láìsí àmì, ó lè jẹ́ oko àgbẹ̀, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ọdẹ. Ọmọ Èkìtì tó ń pe ilé ní “ulé” lẹ́nu ti ń sapá tẹ́lẹ̀ kó tó kọ Yorùbá tí olùdánwò fẹ́; kò yẹ kí ìwé ìbéèrè tún máa pa àlọ́ fún un. Nígbà mìíràn, àmì wà lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mìíràn ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde, gbogbo ẹ́ àti ọ̀ wá di àpótí kéékèèké. Kí wọ́n sọ ọ́ di PDF, irú fáìlì tí ìrísí rẹ̀ kì í yí padà, kí wọ́n tó gbé e kúrò lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ìyẹn ti tó.

Ní ti fotokọ́pì, yíǹkì ẹ̀rọ tó ń tán lọ máa ń jẹ ààmì + di −, ó sì ń gbé pọ́ìǹtì inú 2.5 mì tó fi di 25. Ìlà tó kẹ́yìn ojú ìwé lè gé kúrò. Ojú kejì ìwé lè ṣófo pátápátá.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ tún un ṣe. Olùkọ́ á wọ gbọ̀ngàn àkọ́kọ́ ní aago 9:10, ó lè di 9:40 kó tó dé ìkẹrin, nígbà tí àwọn kan ti jà á títí tí wọ́n ti kọjá lọ. Àkókò ni àṣìṣe ń jẹ jù. Ìṣirò WAEC apá àkọ́kọ́ jẹ́ ìbéèrè 50 ní wákàtí kan ààbọ̀: ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 48 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó lo ìṣẹ́jú mẹ́fà lórí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn ti ná àkókò ìbéèrè mẹ́ta. Ọmọ tó mọ̀wé ló sì ń jà á jù. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á mú C, á kọjá.

Bí wọ́n bá wá fẹ́ tún máàkì ṣe ńkọ́? Ká ní ìbéèrè jẹ́ 40, méjì bàjẹ́, ọmọ kan gba 15 nínú 38 tó kù. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, 15 nínú 40 ni, ìyẹn 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá yọ méjèèjì kúrò, 15 nínú 38 ni, 39.5. Bí wọ́n bá fún gbogbo kíláàsì ní máàkì méjì, ó di 17 nínú 40, 42.5. Níbi tí 40 bá ti jẹ́ ìlà àṣeyege, ọmọ yìí yege lọ́nà kan, ó kùnà lọ́nà méjì, láìjẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ yí padà. Fífún gbogbo wọn ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá àkókò padà fún ẹnì kankan. Èyí tó burú ni kí wọ́n fún kìkì àwọn tó fi ẹjọ́ sùn.

Àṣìṣe lè wà níbi tí ìbéèrè fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù. Ní 2025, WAEC to ìbéèrè ní oríṣiríṣi ètò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú iṣẹ́ ẹ̀kọ́ mẹ́rin kí wọ́n má baà jí ìwé wò. Wọ́n gbé èsì jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, wọ́n sì tún fà á padà, torí pé ìwé ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì apá Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ti ń mú ìdáhùn láti A sí D kò bá ètò tó wà níwájú àwọn ọmọ mu. Ìdá àwọn tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò gòkè láti 38.32 sí 62.96 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lo Ìwé A àti Ìwé B lè ṣe irú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọwọ́ bá ṣi ìwé ìdáhùn mú.

Ohun tó ń dín in kù kò wọ́n: kí olùkọ́ gba ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, kó tó dé fotokọ́pì, kó jókòó ṣe gbogbo ìbéèrè bí ọmọ, láìwo ìdáhùn rẹ̀. Kíkà á lásán kò tó, torí ojú á máa ka ohun tó ní lọ́kàn. Kí olùkọ́ mìíràn náà ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bá irú ìbéèrè yìí pàdé, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kó nawọ́ sókè, kó sì tẹ̀síwájú sí èyí tó kàn láìdúró de èsì.

Kí wọ́n tó máàkì èyí tó kù, kí wọ́n kó ìwé ọmọ mẹ́wàá tó mọ̀wé jù síta. Bí méje nínú wọn bá mú B, tí ìwé olùkọ́ sì ní D ni, ìwé olùkọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.