Àwọn Pápá Gọ́ọ̀fù Ìbàdàn àti Agbègbè Rẹ̀

Ní Ìbàdàn, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pápá gọ́ọ̀fù mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ yọ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbá eré náà: ti Ibadan Golf Club ní Onírèké, ti inú ọgbà IITA lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, àti Tiger, pápá àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Ẹgbẹ́ àdáni ló ni ti àkọ́kọ́, iléeṣẹ́ ìwádìí ló ni èkejì, ológun ló ni ẹ̀kẹta. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìjọba ìbílẹ̀ là sílẹ̀ fún ará ìlú láti máa wọ̀ bó ṣe wù wọ́n. Àwọn agbágọ́ọ̀fù Ìbàdàn tún máa ń rìnrìn àjò lọ sí pápá Èkó, Ọ̀ṣun àti Oǹdó débi pé wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka díẹ̀ nínú àwọn pápá náà mọ́ ti ìlú wọn.

Bí wọ́n ṣe ń gbá a

Ihò 18 ni pápá tó pé máa ń ní. Orí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́jú, tí wọ́n ń pè ní tíì, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù á fi ọ̀pá lu bọ́ọ̀lù gba ojú ọ̀nà tí wọ́n gé koríko rẹ̀ sílẹ̀, á máa yẹra fún igbó ẹ̀gbẹ́, omi àti kòtò iyanrìn, títí á fi dé gíríìnì, níbi tí koríko ti kúrú jù lọ. Ihò tó wà níbẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 108. Òfin kò gba kí ìwọ̀n bọ́ọ̀lù ju gíráàmù 45.93 lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju mílímítà 42.67 lọ. Ọ̀pá tí ẹnì kan lè gbé wọ pápá kò gbọdọ̀ ju 14 lọ.

Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní páà tirẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tó yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa lu bọ́ọ̀lù kó tó wọlé. Ó sábà máa ń jẹ́ 3, 4 tàbí 5, àròpọ̀ ti gbogbo pápá sì máa ń wà láàárín 70 sí 72. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Pápá oníhò 9 náà wà káàkiri. Wọ́n á yí i lẹ́ẹ̀mejì kó lè pé 18. Hándíkáàpù ni ìlànà tó ń jẹ́ kí ọ̀gbẹ́rì àti ọ̀jọ̀gbọ́n lè jọ díje láìsí ìrẹ́jẹ: wọ́n á yọ iye kan kúrò nínú ohun tí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dán gbá. Láti ọdún 2020, ìlànà kan ṣoṣo ni R&A, tó wà ní Scotland, àti USGA ti Amẹ́ríkà, àwọn àjọ tó ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù, jọ gbé kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé.

Ẹni tó ni ilẹ̀kùn

Ní àwọn ilẹ̀ kan, pápá ti gbogbo ènìyàn àti pápá àdáni yàtọ̀ síra kedere. Old Course tó wà ní St Andrews, ní Scotland, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibẹ̀ ni eré yìí ti dàgbà, orí ilẹ̀ ìlú ló wà. Kì í ṣe ẹgbẹ́ kankan ló ni ín. Lọ́jọ́ Àìkú, wọn kì í sábà gbá gọ́ọ̀fù lórí rẹ̀. Ará ìlú ló ń rìn gbẹ̀fẹ́ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Bethpage Black, níbi tí àwọn agbágọ́ọ̀fù tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé ti díje, wà nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ New York. Ẹnikẹ́ni tó bá san owó lè gbá níbẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn pápá náà. Ẹgbẹ́ ń ṣí i fún ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò wọn. Iléeṣẹ́ ń ṣí i fún òṣìṣẹ́ àti ẹni tó bá wọ̀ sí ilé àlejò rẹ̀. Bárékè ń ṣí i fún sójà, ó sì ń gba aráàlú tó bá darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tàbí tó bá ní ẹni tó mú un wọlé. Hòtẹ́ẹ̀lì ìgbafẹ́ ń ṣí i fún oníbàárà. Hòtẹ́ẹ̀lì yìí ló sún mọ́ pápá ti gbogbo ènìyàn jù nínú wọn, nítorí owó nìkan ló ń béèrè. Ó yẹ kí ìlú tó tóbi bí Ìbàdàn ní ó kéré tán ilẹ̀ kan tí ọmọ iléèwé ti lè kọ́ bí a ṣe ń di ọ̀pá mú, láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ níbì kan. Títí irú rẹ̀ yóò fi wà, àwọn ilẹ̀kùn mẹ́rin yìí ni ọ̀nà tó wà.

Ibadan Golf Club, Onírèké

Onírèké wà lára àwọn àdúgbò tí àwọn òyìnbó amúnisìn yà sọ́tọ̀ fún ara wọn, gẹ́gẹ́ bíi Jẹ́ríkò, Ìyágankú àti Àgódi. Reluwé dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò òkèèrè sì wá pọ̀ sí ìlú náà. Níbikíbi tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá tẹ̀dó sí, wọ́n máa ń gbé eré wọn dání: tẹ́níìsì, kíríkẹ́ẹ̀tì àti gọ́ọ̀fù. Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, àwọn ọmọ Nàìjíríà gba ipò lọ́wọ́ wọn nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀: adájọ́, dókítà, olùkọ́ yunifásítì, oníṣòwò kòkó àti òṣìṣẹ́ àgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Ihò 18 ni pápá Onírèké ní. Kò jìnnà sí Dùgbẹ̀ àti Ilé Kòkó, tí wọ́n parí ní 1965, síbẹ̀ ariwo ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ní apá ibẹ̀ náà ni Jẹ́ríkò wà, ibùdó iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954, àti Ẹlẹ́yẹlé pẹ̀lú adágún omi tí wọ́n sé ní nǹkan bí ọdún 1942. Láàárín ilé tó ń pọ̀ sí i ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìlú, ilẹ̀ koríko àti igi tó tóbi tó báyìí ti di ohun tó ṣọ̀wọ́n. Omi òjò ń rí ibi rì sí níbẹ̀, ẹyẹ sì ń rí ibi bà lé. Ẹni tí kò tilẹ̀ di ọ̀pá gọ́ọ̀fù mú rí ń jàǹfààní rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ló ń ṣàkóso pápá náà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà, kápútẹ́ènì ni olórí wọn, àwọn obìnrin náà sì máa ń ní kápútẹ́ènì tiwọn.

Pápá inú ọgbà IITA

IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru lágbàáyé, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Ẹ̀gẹ́, iṣu, ẹ̀wà, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí jù. Ọgbà rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 1,000, láàárín Òjóò àti Mọníyà. Àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ìdílé wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pèsè ohun ìgbafẹ́ fún wọn. Pápá gọ́ọ̀fù wà lára rẹ̀, adágún omi náà wà, ilé àlejò tí wọ́n ń pè ní International House sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú.

Ohun tó mú pápá yìí yàtọ̀ ni igbó tó wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Nǹkan bíi hẹ́kítà 350 ni wọ́n dá sí, tí wọn kò dá oko níbẹ̀, àwọn tó ń wo ẹyẹ sì máa ń wá láti òkèèrè. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gà, dúdú ni ara rẹ̀, pupa ni orí àti àyà. Orúkọ ìlú yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá, Malimbus ibadanensis, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n sì ti rí i rí. Agbágọ́ọ̀fù tó bá tètè jí dé pápá lè gbọ́ ohùn ẹyẹ púpọ̀ kó tó gbọ́ ti ọ̀pá tirẹ̀.

Láti 2021 tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà ló máa ń já wọn sí, kò sì jìnnà sí ọgbà IITA. Ará Èkó tí kò bá fẹ́ há sínú sún-kẹrẹ ojú ọ̀nà lè gba ibẹ̀ dé. Ọgbà náà ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà kí àlejò ti ṣe ètò rẹ̀ kó tó débẹ̀.

Tiger, Mọ́kọ́lá

Pápá yìí wà lábẹ́ àwọn ọmọ ogun ilẹ̀. Bárékè Mọ́kọ́lá ń jẹ́ Letmauk, orúkọ ibì kan ní Burma tí àwọn sójà Nàìjíríà ti jagun ní 1945. Àwọn ọ̀gá sójà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbá níbẹ̀, àwọn aráàlú náà sì wà láàárín wọn.

Òjò, ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́

Ìgbà ló ń pinnu bí pápá Ìbàdàn ṣe máa rí. Òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ó ń dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ó sì ń parí ní oṣù kẹwàá tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ń rọ̀ lọ́dún sábà máa ń lé ní mílímítà 1,200. Lásìkò òjò, koríko ń hù kíá, ilẹ̀ ń rọ̀, bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ kì í yí lọ jìnnà. Ẹni tí kò lágbára apá á rí i pé pápá ti gùn sí i. Òjò ìbẹ̀rẹ̀ ọdún máa ń bá mànàmáná rìn, gbogbo ènìyàn sì gbọ́dọ̀ fi pápá sílẹ̀ tí àrá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, nítorí ọ̀pá irin àti ìdúró lábẹ́ igi léwu púpọ̀ lásìkò náà.

Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ á le gan-an, bọ́ọ̀lù á máa sá lọ lẹ́yìn tó bá balẹ̀. Ẹni tó ń gbá a lọ́nà tààrà á jèrè ìyẹn. Ẹni tó ń gbá a wọ́ á bá bọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú igbó.

Ọ̀gbẹlẹ̀ yìí kan náà ló bí bráwùn, ìyẹn gíríìnì oníyanrìn. Lásìkò kan, ọ̀pọ̀ pápá ní Nàìjíríà ni kò ní gíríìnì koríko, nítorí omi tí wọn yóò máa fi bomi rin ín láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì kò sí. Iyanrìn ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì da epo pò mọ́ ọn kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ti rìn lórí rẹ̀, kádì, ẹni tó ń bá a gbé àpò ọ̀pá, á fa ohun èlò gba orí iyanrìn náà kó lè tẹ́jú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù kì í yà lórí bráwùn bó ṣe ń yà lórí koríko, nítorí náà ẹni tó bá ti mọ ọ̀kan dunjú ní láti tún èkejì kọ́. Àwọn pápá ńlá ti pa á tì, wọ́n ti gbin koríko tó lè fara da oòrùn.

Kádì

Kò sí ẹni tó mọ pápá tó kádì. Òun ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ lábẹ́ koríko, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé ní ìrọ̀lẹ́, àti ọ̀pá tó yẹ fún ẹni tó ń bá rìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹrù gbígbé lọ. Ó máa ń pe agbábọ́ọ̀lù ní “ọ̀gá”, ṣùgbọ́n bó bá ju ọ̀gá náà lọ lọ́jọ́ orí, ọmọlúàbí agbábọ́ọ̀lù á pè é ní “bọ̀dá” tàbí “bàbá”, “ẹ” ni yóò sì fi bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun lónìí ló bẹ̀rẹ̀ láti ìdí iṣẹ́ yìí: ọmọ àdúgbò tó ń gbé àpò, tó ń fi ọ̀pá àlòkù dánra wò nígbà tí pápá bá dá, tó wá mọ̀ ọ́n gbá ju ẹni tó ń gbé àpò fún lọ. Ipa tí wọ́n kó nínú ìtàn eré yìí nílẹ̀ wa kò tíì gba àkọsílẹ̀ tó tọ́ sí i.

Àwọn pápá agbègbè

Ní Èkó, Ikoyi Club 1938 ni òkìkí rẹ̀ pẹ́ jù. European Club ni wọ́n ń pè é ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ tó fi hàn kedere ẹni tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Níbẹ̀ ni Peter Tupling, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ìlù 255 parí ihò 72 ní ìdíje Nigerian Open ti 1981, iye tó kéré jù lágbàáyé nígbà náà nínú ìdíje àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe. Ìkẹjà náà ní pápá oníhò 18 ní GRA, ó sì sún mọ́ ẹni tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ju Ìkòyí lọ. Lakowe Lakes ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí jẹ́ pápá tuntun tí wọ́n là pọ̀ mọ́ ilé gbígbé àti adágún omi. Ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Ẹni tó bá kọjú sí ìlà-oòrùn á bá MicCom ní Adá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọọba Tunde Ponnle, tó ni iléeṣẹ́ wáyà MicCom, ló dá hòtẹ́ẹ̀lì àti pápá oníhò 18 yìí sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Ní Ìlárá-Mọ̀kín, nítòsí Àkúrẹ́, Olóyè Michael Ade-Ojo, tó dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ Elizade sílẹ̀, ṣe irú rẹ̀: Smokin Hills, láàárín àwọn òkè. Àwọn méjèèjì yìí ló yẹ kí ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú, nítorí oníbàárà ni wọ́n ń wá, wọn kì í béèrè ẹni tó mú ènìyàn wá. Ìlọrin náà ní ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù tirẹ̀.

Fún àlejò

Ní ọ̀pọ̀ pápá, ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn ni wọ́n ń fẹ́, wọn kì í sì í gba jíǹsì. Àlejò á san owó pápá àti owó kádì, á sì mú ẹ̀rí hándíkáàpù rẹ̀ dání tó bá fẹ́ wọ ìdíje. Ihò 18 lè gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin pẹ̀lú ẹsẹ̀, nítorí náà àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù kí oòrùn tó mú. Ìdíje ẹgbẹ́ sábà máa ń gba òpin ọ̀sẹ̀, àárín ọ̀sẹ̀ ni àlejò ti lè rí àyè.