Ìkòkò Tábà Funfun: Iná Ni Ọṣẹ Rẹ̀

Ìkòkò tábà onígi máa ń dára sí i bó ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Eérú àti ọ̀dà tábà á di èépá sínú rẹ̀, èépá yẹn ni kì í jẹ́ kí iná jẹ igi náà. Ti amọ̀ funfun, irú èyí tí wọ́n ń ṣe láyé àtijọ́ ní Broseley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Gouda ní Netherlands, yàtọ̀ pátápátá. Ìgbà tó bá mọ́ tónítóní ni tábà máa ń dùn jù nínú rẹ̀. Ìdí ni pé wọn kì í fi ohun dídán kankan bo amọ̀ náà kí wọ́n tó sun ún, nítorí náà ó kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Bí àmù ṣe ń làágùn síta, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò yìí ń fa omi àti ọ̀dà tábà sára láti inú. Ibẹ̀ ni ire rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀ wà.

Ẹni tó ń ṣe é á kọ́kọ́ yí amọ̀ di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní orí róbótó. Tó bá ti gbẹ díẹ̀, á ti wáyà gba àárín ọ̀pá náà, iṣẹ́ tó gba ọwọ́ jẹ́jẹ́, torí bí wáyà bá yà díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀gbẹ́ ni yóò gbà jáde. Á wá gbé e sáàárín irin aláwẹ́ méjì tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán ìkòkò sí nínú, irin mìíràn á sì rọ́ wọ orí rẹ̀ láti lu ihò tí tábà máa ń wọ̀. Lẹ́yìn náà ló kan gbígbẹ àti sísun. Nígbà tí tábà ṣì wọ́n gan-an, orí ìkòkò kéré, kò gbà ju fífà díẹ̀ lọ. Bí tábà ṣe ń dínwó ni orí náà ń tóbi, tí ọ̀pá ń gùn, tí ihò inú ọ̀pá sì ń tín-ín-rín. Ní 1954, J. C. Harrington, awalẹ̀pìtàn ní Amẹ́ríkà, fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n ọjọ́ orí: ihò 9/64 ínṣì ló wọ́pọ̀ láàárín 1590 sí 1620, ti 1750 sí 1800 sì jẹ́ 4/64. Àfọ́kù ọ̀pá lásán lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ ìgbà tí àwọn tó sọ ọ́ nù gbé láyé.

Kí wọ́n tó ki tábà sí i, ẹnu ọ̀pá ni wọ́n ń kọ́kọ́ tọ́jú. Amọ̀ gbígbẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ètè, ó sì lè bó o láwọ. Ìda oyin díẹ̀ tí wọ́n yọ́ sí i lẹ́nu ló ń dẹ́kun ìyẹn. Tábà ìsàlẹ̀ á wà lọ́fẹ̀ẹ́, ti òkè á le díẹ̀. Wọ́n á ṣáná sí i, tábà á wú sókè, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á tún ṣáná sí i. Fífà rẹ̀ kò fẹ́ ìkánjú rárá: amọ̀ fẹ́lẹ́ yẹn máa ń gbóná débi tí ọwọ́ kò fi ní gbà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di ọ̀pá tàbí gìgísẹ̀ kékeré abẹ́ orí rẹ̀ mú. Ọ̀pá gígùn ń jẹ́ kí èéfín tutù kó tó dé ẹnu. Òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀ kò lè lo irú èyí, kúkúrú ló ń fi eyín mú, líle amọ̀ náà sì máa ń jẹ eyín: àwọn tó ń yẹ egungun wò láti ibi ìsìnkú àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń rí ihò róbótó láàárín eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ètè kò bọ́ níbẹ̀ náà. Ní 1795, Samuel Thomas von Sömmerring, oníṣègùn ará Jámánì, ti kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ ètè lára àwọn tó ń mu ìkòkò. Kò sí bí ìkòkò ṣe lè mọ́ tó, èéfín tábà ni èéfín tábà.

Tó bá pẹ́, àwọn ihò wẹ́wẹ́ náà á kún. Ìkòkò á pọ́n, á dúdú, á máa rùn, tábà tuntun á sì máa korò. Ọṣẹ kọ́ ló kàn, torí amọ̀ á mu omi ọṣẹ, ẹni tó bá fà á lẹ́yìn náà ni yóò tọ́ ọ wò. Iná nìkan ló lè wọ ibi tí ọ̀dà wọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ilé ọtí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní férémù irin kan tí wọ́n ń to ọ̀pọ̀ ìkòkò dídọ̀tí sí, tí wọ́n á gbé e sínú iná kí gbogbo rẹ̀ lè padà funfun. Ẹ̀yinná inú àdògán náà lè ṣe é, níta gbangba, nítorí òórùn rẹ̀ kò ṣe é fara dà. Wọ́n á gbọn eérú dànù, wọ́n á jẹ́ kí ìkòkò gbẹ dáadáa, torí omi tó bá kù nínú amọ̀ á di ooru gbígbóná, á sì fọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ iná ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé e sí, kí wọ́n tó máa sún un wọlé díẹ̀díẹ̀. Á kọ́kọ́ dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èéfín á yọ lẹ́nu rẹ̀, kí funfun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀yinná bá bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, dúdú ni yóò wà. Inú iná tó ń kú lọ ni kó ti tutù. Ìda ẹnu ọ̀pá ti jó lọ nìyẹn, wọ́n á tún un fi.

Àwọn amọ̀kòkò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gba ọ̀nà mìíràn: orí nìkan ni wọ́n fi amọ̀ ṣe, wọ́n á ki ọ̀pá igi tàbí esùsú bọ̀ ọ́. Bí ọ̀pá bá dí, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ní Savi, lẹ́bàá Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, ìkòkò ìbílẹ̀ àti ti Yúróòpù jọ wà nínú ilẹ̀ kan náà. Kò sí ìyanu níbẹ̀, torí etíkun yẹn ni tábà Bahia ti ilẹ̀ Brazil tí wọ́n fi oje ìrèké rin ti ń gúnlẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrú.

Lẹ́yìn iná, kí wọ́n tó tún ki tábà sí i, wọ́n á fi èékánná ta orí rẹ̀. Bó bá dún gooro, ó ṣì dára. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán níbì kan, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Irú èyí kò ní pẹ́ là sí méjì pẹ̀lú iná nínú, sísọ ọ́ nù ló yẹ ẹ́.