Kò Sí Bíréèkì Lórí Omi

Adágún Jabi l'Abuja kì í ṣe omi àdáyébá. Ìsédò ni wọ́n fi dá a dúró síbẹ̀. Bí àlejò bá dé bá àwọn Yorùbá Abuja lásìkò Iléyá tàbí Kérésì, ọ̀pọ̀ ló máa ń kó wọn lọ wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀.

Bí báàfù ìfọṣọ ṣe ń léfòó náà ni ọkọ̀ ṣe ń léfòó: inú rẹ̀ ṣófo, ó ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi náà sì ń tì í padà sókè. Tí gbogbo èrò bá jókòó, kò sí wàhálà. Ẹni tó bá dìde ló ń gbé ìwúwo rẹ̀ lọ sókè, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Bí ẹni márùn-ún bá wá rọ́ lọ sí apá kan torí àtiya fọ́tò, omi lè gba etí ọkọ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń pín èrò kó tó ṣíná: ẹni tó sanra níbí, ẹni tó pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ́hùn-ún. Kò yẹ kó bí ẹnikẹ́ni nínú.

Abẹ̀bẹ̀ onírin tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ńjìnnì ló ń gbá omi sẹ́yìn kí ọkọ̀ lè lọ síwájú. Bí awakọ̀ bá ti ọwọ́ ẹ̀ńjìnnì, ìyẹn ọ̀pá tó ń dì mú láti fi darí ọkọ̀, sọ́tùn-ún, òsì ni imú ọkọ̀ ń yà sí. Bíréèkì kò sí ńkọ́? Láti òkèèrè ló ti ń dín iná kù, omi fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọkọ̀ rọlẹ̀.

Ẹ̀ńjìnnì ọ̀hún kò ní rédíétọ̀. Omi adágún ló ń fà sára kó lè tutù, á wá máa tọ̀ ọ́ dànù tín-ín-rín lẹ́yìn. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í pẹ́ kó tó bojú wẹ̀yìn wo ìtọ̀ yẹn. Bí ọ̀rá píọ́ wọ́tà bá lẹ̀ mọ́ ihò tí omi ń gbà wọlé, ìtọ̀ á dá, ẹ̀ńjìnnì á gbóná. Àfi kó paná, kó gbé e sókè, kó fọwọ́ yọ ọ̀rá.

Okùn kan tó lọ́ bíi sípíríǹgì tún máa ń so awakọ̀ mọ́ ẹ̀ńjìnnì. Bó bá ré sómi, okùn á yọ, ẹ̀ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀, kí abẹ̀bẹ̀ má baà ṣá a.

Ó wá ku jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú èèyàn léfòó. Bí wọ́n bá fa èjìká rẹ̀ sókè tó dé etí, kò tíì dì. Nínú omi, jákẹ́ẹ̀tì á léfòó, ẹni tó wọ̀ ọ́ á yọ́ gba ìsàlẹ̀. Nítorí èyí ni tọmọdé fi sábà máa ń ní okùn tó gba abẹ́ itan, òun gan-an sì ni àwọn ìyá kan máa ń ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kó má baà rún léèsì Iléyá.