Ohun tó wà nínú ìgò: ìtàn oògùn òyìnbó àti ìdí tí a fi ń béèrè páálí

Ẹni tó bá ti se èèpo ahùn fún ibà rí mọ̀ pé ìkòkò kan kì í dà bí èkejì. Èèpo ti òní lè korò ju ti àná lọ, omi lè pọ̀ jù, iná lè pẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà ló ń dààmú àwọn ará Yúróòpù tó ń lo èèpo igi cinchona tí wọ́n ń kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1820, apòògùn méjì ní Paris, Pelletier àti Caventou, yọ ohun tó ń bá ibà jà nínú èèpo náà sọ́tọ̀. Kuníìnì nìyẹn. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti gbé oògùn ibà sórí òṣùwọ̀n, kí gbogbo ẹni tó bá lò ó mọ iye tó wọ ara òun.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí Àgbádárìgì. Oṣù kìíní ọdún 1845 ni Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ síbí pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ibà, torí ó wà nínú ìrìn àjò odò Ọya ti 1841, níbi tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kú sí. Ní 1854, ó tún bá Dókítà Baikie lọ nínú ọkọ̀ Pleiad. Baikie ní kí àwọn òyìnbó máa lo kuníìnì kí ibà tó mú wọn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Oògùn tó gba ẹ̀mí wọn là yìí náà ló jẹ́ kí òyìnbó lè pẹ́ lórí ilẹ̀ wa, kí wọ́n sì jọba lé wa lórí. Mi ò ní sọ ọ̀kan kí n fi èkejì pamọ́.

Kuníìnì náà ni William Perkin, ọmọ ọdún 18 ní London, ń gbìyànjú àtiṣe lọ́dún 1856 tó fi ṣèèṣì kan aró elésè àlùkò. Ilé-iṣẹ́ aró wá pọ̀ ní Jámánì, nígbà tó yá, àwọn tó ń po aró bẹ̀rẹ̀ sí í po oògùn. Aró ni Bayer fi bẹ̀rẹ̀ ní 1863; ibẹ̀ ni Felix Hoffmann ti ṣe aspirin ní 1897. Bayer yìí kan náà ló gbé heroin, oògùn olóró, jáde ní 1898, wọ́n ní ó dára fún ikọ́. Heroin, fún ikọ́!

Ọ̀rọ̀ oògùn olómi ló ká mi lára jù. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1937, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ sọ hóró sulfanilamide, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, di olómi tí ọmọdé á lè mu. Diethylene glycol ni wọ́n fi yọ́ ọ. Ó dùn lẹ́nu, kò láwọ̀, ṣùgbọ́n májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́ ni. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú. Kò sí òfin tó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tà á. 1938 ni wọ́n tó ṣe òfin náà.

Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Kò tán. Ní 1990, májèlé yìí wọ inú paracetamol olómi ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló kú ní Ìbàdàn àti Jos. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú ìjọba dá NAFDAC, àjọ tó ń yẹ oúnjẹ àti oògùn wò, sílẹ̀ ní 1993. Síbẹ̀, ní ìparí 2008, ó tún wọ inú oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin, ó sì pa ọmọ tó lé ní 80.

Báwo ló ṣe ń wọlé? Glycerine tàbí propylene glycol ló yẹ kí wọ́n fi yọ́ oògùn. Ẹni tó ń ta èròjà fún ilé-iṣẹ́ lè fi diethylene glycol tó pọ́ọ́kú rọ́pò rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí kò bá sì yẹ dírọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan wò á dà á pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n, ahọ́n ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ ò bá tọ̀ mọ́ lẹ́yìn tó lo oògùn olómi, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò náà dání. Oògùn tí wọ́n dà sínú ìgò mìíràn tà fún yín, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ lára, ẹ má fún ọmọ mu.

Mo mọ̀ pé owó ni ìṣòro. May & Baker ti wà ní Nàìjíríà láti 1944, ilé-iṣẹ́ mìíràn sì wà, ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ èròjà. Bí náírà bá já wálẹ̀, oògùn á gbówó lórí. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ oògùn GSK kéde pé òun ń kúrò nílẹ̀ yìí, iye oògùn rẹ̀ bí Augmentin àti Ventolin sì fò sókè. Láti ìgbà yẹn ni àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà Agbálátà ti ń sọ fún mi pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé mẹ́rin fún mi nínú káàdì yẹn."

Etí káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń tẹ ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ sí. Bí mo bá gé e, ẹnì kan á mú èyí tí kò ní déètì lọ sílé. Bó bá sì jẹ́ antibiotic, ìyẹn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, mẹ́rin kò ní pa kòkòrò náà tán. Fleming, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó rí penicillin ní 1928, kìlọ̀ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé ẹni tó bá lo díẹ̀ jù ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí oògùn.

Bí owó ò bá tó, ẹ sọ ọ́ jáde kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá lára páálí: ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ mìíràn lè ti ṣe é ní owó tó rọjú, tí NAFDAC sì ti fọwọ́ sí i. Ẹ ní kí apòògùn yín bá yín wá a.